Ẹ má tíì ta ilẹ̀ méjèèjì

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Òṣogbo:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. Aṣọ ni mò ń tà. Àkọ́bí mi obìnrin gba 268 nínú ìdánwò JAMB. Civil Engineering ló ní òun máa kà, kò fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn. Yunifásítì ìjọba tó yàn kò mú un lọ́dún yìí. Yunifásítì aládàáni kan ti fún un láyè. ₦2,800,000 ni wọ́n ń gbà lọ́dún, owó yàrá wà nínú rẹ̀, oúnjẹ kò sí níbẹ̀. Bàbá wọn ti ṣaláìsí. Gbogbo ohun tí mo ní kò ju ilẹ̀ méjì tí a rà sí ọ̀nà Ìkìrun. Àbúrò mi ní kí n tà wọ́n, pé ọmọ lèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dán an wò, pé àwọn ẹnjiníà tí kò ríṣẹ́ ló kún ìgboro, àti pé kí ni obìnrin ń wá nídìí sìmẹ́ǹtì. Ṣé owó tí mo bá ná sí i máa padà wá?"

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fèsì, kí n tó máa ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kó ka Civil, iṣẹ́ ẹnjiníà ilé àti ọ̀nà. Ẹ má mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba ₦2,800,000 yẹn. Ẹ má sì ta ilẹ̀ méjèèjì. Tó bá máa di dandan pé kí ẹ ta ọ̀kan, kì í ṣe ọdún yìí ni ẹ máa tà á.

Owó iṣẹ́ yìí ń wọlé, ṣùgbọ́n kì í tètè wọlé. Obì ni, kì í ṣe àgbàdo. Ẹni tó bá gbin àgbàdo lóṣù kẹrin á jẹ ẹ́ kí ọdún tó yí. Ẹni tó bá gbin obì mọ̀ pé ó di ọdún mélòó kan, ìdí nìyẹn tó fi ń gbin ẹ̀gẹ́ sáàárín rẹ̀, torí ẹnu kì í dúró de obì. Àwọn òbí tí mo rí tí owó wọn wọgbó nídìí ẹ̀kọ́ yìí, púpọ̀ nínú wọn ná gbogbo owó wọn tán kí ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí. Ọmọ wá jáde sí àwọn ọdún tó le jù, kò sí ẹ̀gẹ́ kankan nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú bírò. Ká fi ₦150,000 ṣe owó yunifásítì ìjọba lọ́dún kan. Ayé tí wọ́n ń san owó péréte ti lọ. Yunifásítì Èkó kúrò lórí ₦19,000 bọ́ sókè ₦100,000 lọ́dún 2023. Oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti fọ́tókópì, ká fi sí ₦60,000 lóṣù fún oṣù 10. Yàrá, ₦200,000. Ìyẹn jẹ́ ₦950,000 lọ́dún. Ọdún 5 ni ẹ̀kọ́ náà, ó di ₦4,750,000. Ó máa nílò kọ̀ǹpútà tó lágbára, torí àwọn ohun tí a fi ń ya àwòrán ilé àti ọ̀nà, bí AutoCAD, Civil 3D àti Revit, kì í ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó ti rẹ̀. Ẹ fi ₦500,000 kún un. Ẹ wá fi ọdún kan pamọ́ fún ìyanṣẹ́lódì tàbí kọ́ọ̀sì tó bá kùnà tó ní láti tún ṣe, ₦950,000 mìíràn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦6,200,000. Ẹ wò ó dáadáa, ìyá: nínú owó yìí, owó ilé-ìwé kò tó ₦1,000,000. Ikùn, yàrá àti ọkọ̀ ló ń jẹ ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti aládàáni náà. ₦2,800,000 lọ́nà 5 jẹ́ ₦14,000,000, tí wọn ò bá fi kọ́bọ̀ kún un láàárín ọdún 5. Oúnjẹ, ₦40,000 lóṣù, jẹ́ ₦2,000,000. Kọ̀ǹpútà, ₦500,000. Ó di ₦16,500,000. Ohun tó fi ju ti ìjọba lọ jẹ́ ₦10,300,000.

Kí ni ẹ fi ₦10,300,000 yẹn rà? Mo mọ èsì tí àbúrò yín máa fún yín: kò sí ìyanṣẹ́lódì níbẹ̀. Òótọ́ ni, n kò ní fojú kékeré wò ó. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba yanṣẹ́ lódì láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Wọ́n tún yàn án láti ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022 títí di oṣù kẹwàá. Méjèèjì ló kan àwọn ọmọ tó wọlé lọ́dún 2018. Àmọ́, ìyá, oníṣòwò ni yín. Tí ọmọ yín bá tètè jáde ní ọdún kan, tó sì ń gba ₦150,000 lóṣù, ₦1,800,000 ni èrè ọdún kan yẹn. Ta ló ń fi ₦10,300,000 ra ọjà ₦1,800,000? Bí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni náà bá tún ní ibi àyẹ̀wò kọnkéré àti ilẹ̀ tó dára ju ti ìjọba lọ, àǹfààní ni, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ẹnjiníà kan náà ni ọmọ aládàáni àti ọmọ ìjọba ń lọ gbà níkẹyìn. Ẹni tí ₦16,500,000 kò dùn lè san án. Ẹ̀yin kọ́.

Ohun kan tún wà tí àbúrò yín lè má mọ̀. Lóṣù kẹrin ọdún 2024 ni ààrẹ buwọ́ lu òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí NELFUND ń bójú tó. Kò ní èlé. Wọ́n ń san owó ilé-ìwé tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ₦20,000 lóṣù fún ìtọ́jú ara rẹ̀ tó bá béèrè fún un. Ìdá mẹ́wàá owó oṣù ni wọ́n á máa yọ tó bá ti ríṣẹ́, lẹ́yìn ọdún 2 tó ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló wà fún, yunifásítì àti pólì. Ẹsẹ̀ tó bá wọ aládàáni ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa àwọn ọdún tí mo ní ó le jù, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Ẹni tó gba dìgírì Civil kì í ṣe ẹnjiníà lójú òfin Nàìjíríà. COREN, àjọ tí òfin ọdún 1970 dá sílẹ̀, ló ń fi orúkọ ènìyàn sínú ìwé àwọn ẹnjiníà, kó tó lè ní òǹtẹ̀. Kí wọ́n tó fi orúkọ ọmọ yín síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 4, ó kéré tán, lẹ́yìn dìgírì, kó sì yege níwájú àwọn àgbà iṣẹ́. Ẹ ka ọdún 5 ní yunifásítì, ọdún kan fún àgùnbánirọ̀, àti àwọn ọdún iṣẹ́ yẹn. Ẹ máa rí i pé bí ọdún 10 ni.

Láàárín àkókò yẹn, owó kéré. Ìjọba ń san ₦77,000 fún àgùnbánirọ̀ lóṣù. Owó oṣù àkọ́kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ẹnjiníà tí mo mọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, nínú rẹ̀ ni yóò sì ti san owó ọkọ̀ lọ sí sáìtì lójoojúmọ́. Lóṣù tí iṣẹ́ bá pọ̀, bíríkìlà tó mọṣẹ́ ń mú owó lọ sílé ju òun tó ń darí rẹ̀ lọ. Èyí máa ń ba ọkàn àwọn ọmọ wa jẹ́. Wọ́n á ní, ọdún 5 la fi kàwé!

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kékeré kan ló kọ́kọ́ gbà mí. Oṣù 5 ni wọ́n jẹ wá lówó nígbà kan, torí ìjọba ìpínlẹ̀ tó gbé iṣẹ́ fún wọn kò san tiwọn. Àpò gàrí àti owó kékeré tí bàbá mi ń fi ránṣẹ́ láti abúlé ni mo fi dúró. A jẹ́ mẹ́rin tí a jọ wọlé síbẹ̀. Èyí tó mọ ìṣirò jù nínú wa kò lẹ́ni tó lè fi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wọ báǹkì. Títí dòní, tí mo bá ń ṣírò òpó ilé gíga, mo máa ń rántí rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ó máa ṣe é ju bí mo ṣe ń ṣe é lọ. Kì í ṣe ọpọlọ ló yà wá. Gàrí ni.

Nítorí náà, ìyá, bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú owó fún ọmọ yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ de àwọn ọdún 4 yẹn. Ká ní ẹ ó máa fi ₦50,000 kún owó oṣù rẹ̀ fún oṣù 48, ó jẹ́ ₦2,400,000. Ilẹ̀ kan lè gbé e. Owó yìí ló máa jẹ́ kó lè gba iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀, lọ́dọ̀ ẹnjiníà tó ní òǹtẹ̀, dípò iṣẹ́ tí owó rẹ̀ fi díẹ̀ jù ú lọ ṣùgbọ́n tí yóò kàn máa ka àpò sìmẹ́ǹtì.

Kí ló wà lẹ́yìn òǹtẹ̀? Ní Èkó, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé alájà kò lè gba ìwé àṣẹ láìsí òǹtẹ̀ ẹnjiníà tí COREN mọ̀ lórí àwòrán irin àti kọnkéré rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà pé òun ló máa bójú tó iṣẹ́ náà. Owó ń bẹ níbẹ̀. Owó wà nídìí dídarí iṣẹ́ ọ̀nà fún agbaṣẹ́ṣe ńlá, nídìí àyẹ̀wò ilẹ̀ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ sọlẹ̀, nídìí iṣẹ́ omi. Ẹnjiníà tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, kó ṣírò iye rẹ̀ kó má ṣì í, kó sì parí rẹ̀ lásìkò, ni owó ń wá kiri. Irú wọn kò pọ̀. Ibi tí bíríkìlà ti ń dúró nìyẹn tí ẹnjiníà ń kọjá rẹ̀: ní ẹni ọdún 50, orúnkún bíríkìlà ti ń dùn ún, owó ojúmọ́ rẹ̀ sì ń dínkù, ẹnjiníà ọdún 50 ni gbogbo ènìyàn ń wá.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó lójú pópó Gerrard ní Ìkòyí, èèyàn tó lé ní 40 kú. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè sọ̀rọ̀ owó òǹtẹ̀ kí n má dárúkọ àwọn òkú. Àwọn kan wà tó ń fi òǹtẹ̀ wọn yáni fún owó, tí wọn kò dé sáìtì rí. Tí ọmọ yín bá dé ipò yẹn, àwọn oníṣòwò ilé máa wá bá a pẹ̀lú owó tó dùn ún wò. Ẹni tí ebi ti pa fún ọdún 4 ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí mú. Ẹ wá rí ìdí mìíràn tí mo fi ní kí ẹ fi ilẹ̀ kan pamọ́.

Ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́ pé àwọn kan ń rìn kiri. Owó ìjọba ni iṣẹ́ wa fi ń mí. Tí ìjọba kò bá san owó agbaṣẹ́ṣe, sáìtì á ti. Àpò sìmẹ́ǹtì kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi lóṣù kejì ọdún 2024, àwọn onílé dá iṣẹ́ dúró káàkiri, àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà sì jókòó sílé. Ó ń ṣẹlẹ̀ báyẹn nígbà gbogbo, ó máa tún ṣẹlẹ̀. Àmọ́ tí mo bá ń gbani síṣẹ́, àwọn tó ń rìn kiri tí mo ń rí, púpọ̀ nínú wọn ní ìwé ẹ̀rí tó dára, wọn kò sì lè sọ fún mi iye irin tó wà nínú bíìmù (òpó kọnkéré tó dùbúlẹ̀) kan láti orí àwòrán. Wọ́n ní oṣù 6 tí òfin fún wọn láti fi kọ́ iṣẹ́, èyí tí a ń pè ní IT, wọ́n sì fi ṣe nǹkan mìíràn. Ẹnìkan bá wọn buwọ́ lùwé, ó tán.

Èmi, oṣù 6 yẹn ló sọ mí di ẹni tí mo jẹ́. Ìdí iṣẹ́ kọ́fátì, ibi tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà, ni mo ti ṣe é. Fóòmanì wa, bàbá àgbàlagbà kan tí kò ka ìwé mẹ́fà, ló kọ́ mi bí a ṣe ń wo kọnkéré tútù. A máa ń gbé kóònù irin tó ga ní mìlímítà 300 kalẹ̀, a ó rọ kọnkéré sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó fi ọ̀pá irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan nígbà 25, a ó wá fa kóònù sókè, ká wo bí kọnkéré ṣe rọ̀ sílẹ̀ sí. Tó bá wó pìì, omi ti pọ̀ jù. Ìwé ti kọ́ mi ní èyí. Bàbá ló fi yé mi pé àwọn alágbàṣe máa ń da omi sí i tí oòrùn bá mú, torí kọnkéré tó rọ̀ ń yá gbé, àti pé ẹnjiníà tó jókòó sábẹ́ ibòji lọ́sàn-án kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ 28, tí wọ́n bá fọ́ bíríkì kọnkéré tí wọ́n fi pamọ́ fún àyẹ̀wò, tí kò ní agbára tó. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó lọ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ máa dọ̀tí, kódà tí wọn ò bá fún un ní kọ́bọ̀.

Ní ti pé ó jẹ́ obìnrin: ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n dá yín dúró lórí èyí. Margaret Oguntala di ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Ẹnjiníà Nàìjíríà lọ́dún 2024, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1958. Àwọn ọmọbìnrin tó ti bá mi ṣiṣẹ́ kì í gbójú fo àṣìṣe lórí àwòrán. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni sáìtì tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún obìnrin àti àwọn ọ̀gá tí ẹnu wọn kò mọ́. Kí ó mọ̀ ṣáájú, kó sì mọ ẹni tó máa fẹjọ́ sùn.

Ẹlòmíràn á ní, ẹ jẹ́ kó kàn gba ìwé ẹ̀rí kó fò lọ sókè òkun. Dìgírì Civil ń rìn jìnnà ju dìgírì òfin lọ, torí kọnkéré Ìbàdàn àti ti Houston ò yàtọ̀. Síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà, yóò tún ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní FE, yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, kó tó gba PE, ìwé àṣẹ ẹnjiníà tiwọn. Sùúrù kan náà ni. Ẹ má gbé e sórí ìṣirò yín. Tó bá wá, ẹ kà á sí ẹ̀bùn.

Ó ku ohun tí ẹ máa ṣe lọ́dún yìí. Ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè dúró, kó tún JAMB ṣe, kó wọ yunifásítì ìjọba lọ́dún tó ń bọ̀: ọdún 1 àti ọdún 5, ó di 6. Ó sì lè wọ pólì báyìí fún ND Civil, ọdún 2, tí èsì rẹ̀ bá dára kó fi wọ ọdún kejì ní yunifásítì, kó lo ọdún 4: ó di 6 náà. Èmi yóò yan pólì. Pólì Ẹdẹ àti ti Ìrèé kò jìnnà sí yín, ó lè máa ti ilé lọ sí Ẹdẹ, owó yàrá ti jáde nínú ìṣirò. Yóò kọ́ ìwọ̀n ilẹ̀, àyẹ̀wò kọnkéré àti yíya àwòrán kó tó wọ yunifásítì. Bí nǹkan bá sì dojú rú láàárín, ìwé ẹ̀rí kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó gba ND ni yunifásítì ń mú. Ẹni tí wọn kò mú tó wá ṣe HND, COREN ń fi orúkọ rẹ̀ sí ọ̀wọ́ mìíràn, kì í ṣe ti ẹnjiníà, ó sì máa nílò ẹ̀kọ́ kún un tó bá fẹ́ rékọjá. Kò gbọ́dọ̀ fi èsì ND rẹ̀ ṣeré rárá.

Ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ san owó sí, ẹ béèrè bóyá àwọn àjọ tó ń bójú tó o fọwọ́ sí Civil Engineering gan-an níbẹ̀. Ní yunifásítì, NUC (àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì) àti COREN ni. Kì í ṣe pé ilé-ẹ̀kọ́ náà ní orúkọ. Ẹ̀ka yẹn gan-an. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé hàn yín. Ẹni tó kàwé níbi tí COREN kò fọwọ́ sí máa jìyà nígbà tó bá fẹ́ gba òǹtẹ̀.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ rárá, ẹ wá sáìtì kan ní Òṣogbo tí wọ́n ti ń da dẹ́kìn. Ẹ bẹ ọ̀gá ibẹ̀ kí ọmọ náà máa lọ fún ọ̀sẹ̀ 3, láti aago méje àárọ̀. Kó máa kọ ohun tó bá rí sínú ìwé: iye àpò sìmẹ́ǹtì, ìwọ̀n irin, ohun tí kò yé e. Tó bá padà dé lọ́sẹ̀ kẹta, tí oòrùn ti pa á dúdú, tó ṣì ń bi yín ní ìbéèrè nípa irin lórí oúnjẹ alẹ́, ẹ fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi. Mo máa kà á, mo sì máa fèsì sí gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀ pé kò yé òun.